Ẹ̀rọ Tó Ń Béèrè Ilé àti Ọmọ

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Ẹ̀yìn Ilé-epo, Upper Sakponba,
Benin City,
Ìpínlẹ̀ Ẹdó.
Ọjọ́ Karùndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kọkànlá, Ọdún 2013.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ògúnwálé, tíṣà tí ẹ̀rù rẹ̀ kì í ba ọmọ kankan,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. O kú iṣẹ́, o kú àìrójú, o kú ọ̀gbẹlẹ̀ tó ń bọ̀ wá bá wa yìí. Ìyá wa ńkọ́? Ṣé ojú tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ti fúyẹ́? Bàbá ńkọ́? Yétúndé àbúrò rẹ ńkọ́, ṣé ó ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, àbí ikùn ṣì wà níwájú? Àwọn ọmọ iléèwé rẹ ńkọ́, àwọn tó o ní wọ́n máa ń fa ewúrẹ́ wá sí kíláàsì? Mo kí ewúrẹ́ náà o. Bó o bá béèrè tèmi, ara mi dá ṣáṣá, mo sì ti sanra díẹ̀ sí i. Bó o bá rí mi lọ́nà báyìí, wàá kọ́kọ́ kí mi ní sà kó o tó rántí pé èmi ni.

Má bínú pé ìwé ni mo fi ránṣẹ́. Mo ti pe nọ́ńbà rẹ títí ó fi sú mi, obìnrin inú fóònù yẹn ṣáà ń sọ pé o ò sí ní àrọ́wọ́tó. Abúlé tí wọ́n gbé ọ lọ yẹn, ṣé ẹyẹ pàápàá ń dé ibẹ̀? Ni mo bá ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé, kí n fi rán dírẹ́bà Ìkàrẹ́ ní páàkì, kó fún ìyá rẹ, kí ìyá rẹ wá ẹni tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Bó o bá rí àṣìkọ, fi bírò pupa rẹ sápò o. Èmi kì í ṣe ọmọ kíláàsì rẹ. Ó pẹ́ tí mo ti fi iléèwé sílẹ̀, iléèwé ni kò tíì bọ́ nínú ìbànújẹ́ náà.

Ó yá, jókòó dáadáa. Ọ̀rẹ́ rẹ ti di gbajúmọ̀ ní Benin.

O mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àbúrò màmá mi, Àǹtí Motọ́lání tó ń ta aṣọ ní Oba Market, ni mò ń gbé níbí, lọ́dọ̀ wọn àti ọkọ wọn, Bùrọ̀dá Olúmúyìwá, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Láti ìgbà tí káfé tí mo ti ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ti kógbá wọlé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Bùrọ̀dá ń bá mi sọ: kí n padà sí Ìkàrẹ́, kí n lọ bá bàbá mi da búlọ́ọ̀kù. Wọ́n á ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á tú táì, wọ́n á rí mi nídìí kọ̀ǹpútà àlòkù mi, wọ́n á ní, "Ayọ̀bámi, èyí tí ò ń tẹ̀ látàárọ̀ yìí, ṣé ó ṣeé sè lọ́bẹ̀?" Nígbà tó yá, bàbá mi fúnra wọn pè. Àwọn méjèèjì fẹnu kò lórí mi bí ẹni ń fẹnu kò lórí màlúù: bí ìpàdé ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá níbí ti oṣù kẹwàá bá kọjá tí mi ò ríṣẹ́ gidi, Bùrọ̀dá á gbé mi wọkọ̀ Ìkàrẹ́. Ògúnwálé, ìwọ náà mọ ọwọ́ mi. Ṣé ọwọ́ tó dára báyìí ni kí n lọ fi gbé búlọ́ọ̀kù?

Ohun tí mò ń tẹ̀ nìyí. Nílé wa níbí, Àǹtí á sọ Yorùbá, àwọn ọmọ wọn á fi Pidgin dáhùn. Àǹtí á ní, "Ẹ ò mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ kí èèyàn láàárọ̀ ni?" Èyí àgbà á ní, "Mummy, I don greet you na." Bẹ́ẹ̀ ló rí nílé Yorùbá gbogbo tí mo wọ̀, láti Sakponba títí dé Ikpoba Hill. Ọmọ gbọ́, ẹnu rẹ̀ ni kò gbé e. Ni mo bá ṣe wẹ́bùsáìtì kan tí màá fi máa kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Mo tún lọ bá Alhaji Làmídì, alága ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá níbí, pé kí wọ́n fún mi ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ní gbogbo Sátidé, kí wọ́n gbà mí síṣẹ́ kí n máa kọ́ àwọn ọmọ lójúkojú. Alhaji rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi nu ojú. Wọ́n ní irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ti wà rí, ọmọ mẹ́ta ló ń wá, méjì nínú wọn sì jẹ́ ọmọ tíṣà. Wọ́n ní kò sí Yorùbá tó fẹ́ ẹ ní Benin mọ́. Bí mo bá lè fi àwọn òbí tó fẹ́ ẹ han ẹgbẹ́ ní oṣù kẹwàá, àwọn á gbé iṣẹ́ náà fún mi.

Níbo ni màá ti rí òbí? Ibẹ̀ ni ọpọlọ ọ̀rẹ́ rẹ ti jí. Àwọn òyìnbó tó ní wẹ́bùsáìtì máa ń fún èèyàn ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, ìwé tàbí ohùn tí èèyàn lè fà sórí fóònù rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n á béèrè ni pé kó o kọ orúkọ àti ímeèlì rẹ sílẹ̀. Bó o bá ti kọ ọ́ báyìí, wọ́n ti mọ ibi tí wọ́n á ti máa bá ọ sọ̀rọ̀ títí ayé nìyẹn. Ọ̀fẹ́ ni ìdẹ, ímeèlì ni ẹja.

Mo bẹ Àǹtí Motọ́lání kí wọ́n jẹ́ kí n gba ohùn wọn sílẹ̀. O mọ ẹnu Àǹtí. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń dirun, ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́, ẹni tó ti ìrìn àjò dé, ẹni tó kọ́lé, ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù, àní ẹni tó kàn jókòó jẹ́jẹ́ tí kò ṣe nǹkan kan. Àádọ́ta ìkíni la gbà sílẹ̀ nínú yàrá, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń dáhùn rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kí onídìrí ní "ojú gbooro o" báyìí, obìnrin oníbúrẹ́dì kan gba ẹ̀bá fèrèsé kọjá, ó ké tantan, "Hot bread!" Mo ní ká tún un gbà. Àǹtí ní ọjà ń dúró de àwọn, kí oníbúrẹ́dì náà máa kí wa bọ̀.

Mo gbé e síta. Mo kọ Ọ̀FẸ́ síwájú rẹ̀ gàdàgbà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án! Ọ̀fẹ́ kẹ̀, ní Benin, níbi tí gbogbo èèyàn ti mọ irú jìbìtì tí àwọn ọmọkùnrin kan ń fi kọ̀ǹpútà ṣe? Ẹni tí mo bá fi hàn á dì mọ́ fóònù rẹ̀, á ní, "Lọ́fẹ̀ẹ́? Kí lo wá fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?" Comfort, ọmọ Ẹdó tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àǹtí, tó sì fi Yorùbá ṣe ọkọ, wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "My brother, free thing dey run belle."

Àǹtí ló là mí lójú. Wọ́n ní, "Ṣé o ti gbọ́ kí aláta pe ohun tó bù lé ata ní ọ̀fẹ́ rí? Èènì ló ń pè é. Ọ̀fẹ́ máa ń ba èèyàn lẹ́rù. Ta lo rí tí èènì bà lẹ́rù?" Mo pa Ọ̀FẸ́ rẹ́, mo kọ GBA ÈÈNÌ RẸ. Ọ̀rẹ́ mi, ó dà bí ìgbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ọjà. Àwọn oníbàárà Àǹtí gbà á, wọ́n fi han ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ará ṣọ́ọ̀ṣì fi han àna wọn, ó dé Èkó, ó kọjá òkun. Obìnrin kan ní ìlú òyìnbó kọ̀wé pé àádọ́ta ìkíni náà dára, ṣùgbọ́n oníbúrẹ́dì yẹn ló pa òun lẹ́kún. Kí oṣù kẹwàá tó dé, ímeèlì tó wà lọ́wọ́ mi ti lé ní ẹgbẹ̀ta. Èmi, Ayọ̀bámi, tí wọ́n ní kò lè ka nǹkan kọjá ọgọ́rùn-ún!

Ọ̀rọ̀ wá kù díẹ̀. Àwọn tó gbà á ń kọ̀wé wá dúpẹ́, mi ò sì lè dá gbogbo wọn lóhùn. Ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń bá èèyàn dáhùn lẹ́tà, èèyàn ò ní sí nídìí rẹ̀ rárá. Òyìnbó á kàn kọ "a dúpẹ́" sínú tiẹ̀. Èmi ní kí ni wọ́n fi ṣe Yorùbá? Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìkíni, kí ẹ̀rọ rẹ̀ wá yadi? Mo kọ ọ́ sínú rẹ̀ báyìí: "Inú wa dùn láti gbọ́ láti ọ̀dọ̀ yín. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ilé ńkọ́? Ọmọ ńkọ́? Gbogbo ara ńkọ́?" Mo tẹ̀ ẹ́, mo fọwọ́ lẹ́rán.

Ìwọ sọ fún mi, Yorùbá wo ni wọ́n á bi pé ilé ńkọ́ tó máa dákẹ́? Wọ́n dáhùn o! Bí wọ́n bá ti dáhùn, ẹ̀rọ á tún ní inú wa dùn, ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́. Wọ́n á tún dáhùn. Lẹ́tà ń ya wọlé bí odò Ikpoba nígbà òjò. Èmi ń wo bó ṣe ń pọ̀, inú mi ń dùn, mi ò ṣí i kà. Mo ní ìfẹ́ tí wọ́n ní sí mi ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Mo wọ búbà funfun, mo gbé kọ̀ǹpútà há abíyá, mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu. Kí Alhaji tó pè mí, Ìyá Títíloyè ti dìde. Àgbà obìnrin kan ni wọ́n, Ikpoba Hill ni wọ́n ń gbé, kò sì sẹ́ni tó ń já lu ọ̀rọ̀ wọn nínú ẹgbẹ́. Ọmọ-ọmọ wọn tó wà ní yunifásítì ló bá wọn gba èènì tèmi, òun náà ló ń bá wọn tẹ lẹ́tà. Wọ́n ní àwọn ní ẹjọ́.

"Ọmọkùnrin yìí," wọ́n nawọ́ sí mi, "ń kí mi ju àwọn ọmọ tí mo bí lọ. Ó ní ilé ńkọ́, mo ní ilé wà. Ó ní ọmọ ńkọ́, mo ní ọmọ wà. Ó ní gbogbo ara ńkọ́, mo ní ọmọ mi, ẹsẹ̀ òsì ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ! Ó ní inú àwọn dùn láti gbọ́! Ó tún ní ilé ńkọ́? Mo ní ilé ò tíì rìn kúrò níbi tí mo ní ó wà láàárọ̀. Inú ẹ̀ tún dùn! Ẹ bá mi bi í, kí ni ẹsẹ̀ mi fi ṣe é?"

Gbọ̀ngàn wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, àfìgbà tí Sùlè dìde. Télọ̀ ni Sùlè, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ti Àǹtí. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà tí mo bi òun pé ilé ńkọ́, òun kọ ọ́ sí mi pé ilé ò fara rọ, pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá òun ni.

"Ó dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀," ni Sùlè wí. "Ó ní inú àwọn dùn láti gbọ́."

Gbogbo ẹ̀rín gbẹ. Bùrọ̀dá Olúmúyìwá fọwọ́ bojú. Mo gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́yìn ń sọ pé ọmọ tí kò parí iléèwé ni, kí lẹ retí. Ògúnwálé, kí n má purọ́ fún ọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn sìmẹ́ńtì Ìkàrẹ́ nínú gbọ̀ngàn yẹn.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, èmi kọ́ ni mo dá Bùrọ̀dá Sùlè lóhùn. Ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ wo, ni Alhaji wí. Mo ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, pé kì í mọ ohun tí èèyàn kọ, pé ohun kan náà ló ń sọ fún gbogbo ayé. Ìyá Títíloyè fọwọ́ kọ́ ìdí.

"Ẹ̀rọ? Ẹ̀rọ ni mo wá ń ro ẹjọ́ ẹsẹ̀ fún látọjọ́ yìí?"

"Ẹ̀rọ ni, mà."

"Òun ló ń bi mí pé ọmọ ńkọ́?"

"Òun ni, mà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́ ọ."

Mi ò lè ṣe kí n má fi ìyẹn kún un. Ṣé o rí i, kódà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí mo wà, mo ń rò ó pé ta ló tún wà ní ìlú yìí tó lè ṣe ẹ̀rọ tí àwọn àgbà á bá jà torí pé wọ́n rò pé èèyàn ni?

Alhaji bi mí pé kí ló dé tí mi ò fẹnu ara mi kí àwọn èèyàn. Mo ní wọ́n pọ̀ ju ẹnu kan lọ. Wọ́n ní báwo ni wọ́n ṣe pọ̀ tó? Mo sọ iye wọn. Alhaji yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n yí ojú ká gbọ̀ngàn tí àwa bí ogójì jókòó sí. "Níbo wá ni àwọn yòókù wà?"

Mo ṣí kọ̀ǹpútà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà wọn jáde, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, àkọ́kà tèmi náà nìyẹn. Ìyá kan ní Upper Sakponba ní òun ń dirun lọ́wọ́ ni ọmọ òun wọlé tó ní "ojú gbooro o", ni onídìrí bá ju òòyà sílẹ̀, ó ní kí ọmọ náà tún un sọ. Ẹnì kan ní ọmọ òun ti ń kí gbogbo nǹkan, ó kí fáànù kú iṣẹ́. Bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní òun máa ń gbọ́ ọ nínú mọ́tò bí òun bá ń lọ síbi iṣẹ́, nítorí òun gan-an ò mọ ìdajì rẹ̀, òun ò sì fẹ́ kí ìyàwó òun mọ̀. Bùrọ̀dá Olúmúyìwá bú sí ikọ́. Mi ò wo ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n mo mọ ímeèlì tó ti ilé wa wá.

Ohun tó wá wà nídìí gbogbo lẹ́tà náà ni ìbéèrè kan: kíláàsì gidi dà? Ọjọ́ wo ni ká kó wọn wá? Bí mo ṣe ń kà á ni mò ń gbọ́ ọ. Ìgbà tí mo ka irú rẹ̀ bí ìgbà mélòó kan, Ìyá Títíloyè ní kí n dìde nílẹ̀, kí aṣọ funfun má bàa bàjẹ́.

"Ẹ fún un níṣẹ́ náà," ni wọ́n wí. "Ẹni tó kọ́ irin ní ìkíni kò ní ṣàì kọ́ ọmọ èèyàn. Ṣùgbọ́n kó di ẹnu ẹ̀rọ yẹn. Èmi kì í bá ohun tí kò lẹ́sẹ̀ sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀."

Alhaji gbà fún wọn, wọ́n sì fi òfin kan lé e: kí n kọ́kọ́ lọ kí Sùlè nílé, kí n sì fi ọwọ́ ara mi dá gbogbo ẹni tó kọ̀wé lóhùn, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn fún mi.

Èmi àti Àǹtí la jọ lọ sílé Sùlè. Mo kí i bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, mi ò ṣàwàdà, bó o tilẹ̀ mọ̀ pé ó le fún mi. Ó gbé àga fún wa. Ó mú fọ́tò ìyá rẹ̀ jáde, ó ń sọ bí ìyá náà ṣe máa ń bú òun bí òun bá rán aṣọ wọ́. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ó ní ọmọ méjì lòun ní, ṣé wọn ò ti dàgbà jù fún kíláàsì mi. Mo ní kó kó wọn wá.

Lẹ́tà ni mo wá kojú. Èmi tí tíṣà ń lé kiri nítorí lẹ́tà kíkọ! Ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ṣùgbọ́n mo dá wọn lóhùn tán. Ẹni tó bímọ, mo kí i kú ewu. Ẹni tí àìsàn ń ṣe, mo ní pẹ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ Ìyá Títíloyè, mo béèrè rẹ̀ lọ́tọ̀, mo béèrè ti ọ̀tún náà kí ó má bàa jowú. Gbọ́ ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀: ẹni tí mo bá fi ọwọ́ ara mi dá lóhùn, á rán ẹlòmíràn wá gba èènì. Wọ́n sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún báyìí. Má sọ fún ẹnikẹ́ni, ó dára kó o sọ fún gbogbo èèyàn.

Sátidé tó kọjá la ṣí kíláàsì. Àga ò tó. Àwọn ọmọ jókòó sójú fèrèsé, àwọn òbí dúró sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn kàn ń dúró de ọmọ ni, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu wọn ń bá wa dáhùn. Lẹ́yìn rẹ̀, bí a ṣe délé lọ́sàn-án, Bùrọ̀dá Olúmúyìwá pe bàbá mi lójú mi, wọ́n sì jẹ́ kí ohùn jáde kí gbogbo wa máa gbọ́.

Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má retí Ayọ̀bámi mọ́ o. Ó ti ríṣẹ́."

Bàbá mi ní iṣẹ́ wo?

Gbogbo gẹ̀ẹ́sì báńkì ò ran Bùrọ̀dá lọ́wọ́. Wọ́n wò mí, wọ́n wo Àǹtí. Wọ́n wá ní, "Ó ń kí àwọn èèyàn ni, sà."

Mo ń gbọ́ ṣọ́bìrì lẹ́yìn bàbá mi lọ́hùn-ún, ẹnì kan ń po yanrìn.

"Ṣé wọ́n ń dá a lóhùn?" ni wọ́n bi.

"Wọ́n ń dá a lóhùn, sà. Wọ́n pọ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni bàbá mi wí. "Kó máa kí wọn."

Bá mi kí ìyá wa àti bàbá. Sọ fún Yétúndé pé ohun yòówù tó bá bí, kó fi orúkọ mi kún un. Àǹtí Motọ́lání ní kí n kí ọ, wọ́n ní ṣé o ti rí ìyàwó.

Èmi tó ṣì jẹ́ tìrẹ, bí Benin tilẹ̀ ń fà mí mọ́ra,

Ayọ̀bámi.